Mọ́rísì Orí Àpáta

Agogo méje àárọ̀ kò tíì lù, ọyẹ́ sì bo gbogbo ìlú Ìdó-Àpáta lọ́jọ́ náà débi pé ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé Olóko kò lè rí orí igi ọdán tó wà níwájú rẹ̀. Abẹ́ igi yìí ni àwọn ọkùnrin agbo ilé pé jọ sí, tí wọ́n wé aṣọ mọ́ ọrùn. Ọ̀rọ̀ mọ́tò Mọ́rísì tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ.

Olóògbé Ọláògún ló ni mọ́tò náà. Owó tábà ló fi rà á, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní mọ́tò nínú agbo ilé wọn. Nígbà tó kú, kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló sáré gun mọ́tò òkú, nítorí náà gbogbo wọn fi í sílẹ̀. Ìtàkùn gba ojú fèrèsé kan wọlé, ó gba ojú fèrèsé kejì jáde. Adìẹ ń yé sórí àga ẹ̀yìn, àwọn obìnrin ilé sì mọ adìẹ tó ni igun kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ mọ́tò náà dógùn-ún, ó sì lu títí ènìyàn fi lè jókòó sínú rẹ̀ kó máa wo àpáta lábẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Orí àpáta ni gbogbo agbo ilé náà wà, àpáta kan ṣoṣo tó tẹ́ lọ bí ẹní títí dé ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí igi ọdán tó rí pàlàpálá kan ta gbòǹgbò sí, kò sí ohun tó ń hù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èlùbọ́ ti ń yá gbẹ bí ibẹ̀.

Àjàmú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé náà. Ọmọ ọlọ́dẹ ni, kò sì sí ìgbà tí kì í sọ pé kò sí ẹran tí òun kò lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ kan ìsọ̀ pákó sí abẹ́ igi náà nítorí pé ẹ̀bá títì ni.

"Bàbá, irin gbígbẹ ni nǹkan yìí," ó sọ fún baálé ilé, Bàbá Oyèlẹ́rẹ̀. "Àwọn tó ń ra irin àlòkù wà ní gáréèjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gbé e, kí èmi náà rí ibi kan ìsọ̀ mi sí. Àbí adìẹ ni a ń tọ́jú ilé fún?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ku díẹ̀ kí baálé fọwọ́ sí i ni Òjélabí gbé ohùn sókè. Bíríkìlà ni Òjélabí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kì í sì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè. N ó tún un ṣe."

"Kí ni ẹ fẹ́ fi tún un ṣe, Ẹ̀gbọ́n?" ni Àjàmú béèrè. "Ṣé sìmẹ́ǹtì ni?"

Òjélabí dúró kí ẹ̀rín náà parí. "Inú mọ́tò yìí ni ìyá mi bí mi sí," ó wí. "Wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù ni. Bàbá Ọláògún kò bínú pé a ba àga òun jẹ́. Ó ní mọ́tò òun ti mọ ìkúnlẹ̀ abiyamọ, kò ní dà òun sójú ọ̀nà láé. N kò lè dúró kí n máa wo àwọn onírin kí wọ́n fi òòlù fọ́ ọ."

Baálé gbé àgbọ̀n lé ọ̀pá rẹ̀, ó ronú. "Ó dára," ó wí. "Mo fún ọ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Bí òjò bá bá mọ́tò yìí lábẹ́ igi yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn onírin ló ni ín."

Báyìí ni Òjélabí bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sùúrù ṣe owó. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, kò ní jókòó. Ó gé ìtàkùn, ó kó adìẹ kúrò, àwọn obìnrin bínú sí i, wọ́n ní ibo ló fẹ́ kí adìẹ àwọn máa yé sí. Ó fi sáńpépà ha ara mọ́tò títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó rí dúrọ́ọ̀mù kan tó ti jò níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó gé e, ó nà án pẹrẹsẹ, ó fi dí ilẹ̀ mọ́tò. Ó fi àpò ìrẹsì rán àga. Ó ń kó ọ̀dà tí àwọn akunlé bá ṣẹ́ kù jọ, ó pò wọ́n pọ̀, àwọ̀ tó sì jáde kò ní orúkọ. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó ní ó jọ ẹ̀kọ tí eérú ta sí.

Ẹ́ńjìnnì nìkan ni agbára rẹ̀ kò ká. Ó lọ bá Jìnádù, mẹkáníkì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlọrin wá pàgọ́ sí ẹ̀bá gáréèjì. Jìnádù kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa. Ó yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó ní ó ti dì, kò sì lè yí. Ó da kẹrosíìnì àti epo ẹ́ńjìnnì pọ̀, ó rọ ọ́ sínú ihò pọ́lọ́ọ̀gì.

"Ẹ má fi agbára yí i o, Ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó mu epo yó. Bó bá yó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yí fún yín."

Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rọ epo sí i, lójoojúmọ́ ni Òjélabí ń dán an wò, tí kò yí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló fi irin yí i láti iwájú, ó rí i pé ó rọ̀ lọ́wọ́ òun, ó sì yí. Jìnádù ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Ó ti mí!" ó pariwo. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti mí!"

Òjélabí béèrè ohun tí òun máa san. Jìnádù mi orí. Ó ní irú mọ́tò yìí gan-an ni ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ fi kọ́ òun, òun kò sì fẹ́ ju pé kí òun tún rí ọ̀kan kó máa rìn. Oúnjẹ alẹ́ nìkan ló ń jẹ nílé Òjélabí.

Inú rere yìí ni ìfura gbà wọlé.

"Bàbá Morádéún," ni Àwẹ̀ró wí fún ọkọ rẹ̀, "ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò gba nǹkan kan, kí ló ń wá?"

"Iyán rẹ ló ń wá."

"Iyán mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ̀."

Òjélabí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni Àjàmú wá fara ti mọ́tò náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, n kò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ o. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yà ara mọ́tò àtijọ́ ṣọ̀wọ́n? Ẹ mọ̀ ọ́n, àbí ẹ kò mọ̀ ọ́n? Àjèjì mọ̀ ọ́n." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni Òjélabí ti ń wo ọwọ́ Jìnádù. Bí Jìnádù bá gbé àpò irin iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, Òjélabí á sọ pé òun fẹ́ bá a gbé e dé títì, kó lè mọ̀ bóyá ó wúwo ju bó ṣe wúwo nígbà tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan wọn kò rí sukudiráfà. Àpò ṣòkòtò Jìnádù ni Òjélabí kọ́kọ́ wò, kó tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Abẹ́ mọ́tò ló wà. Jìnádù rí ibi tí ojú rẹ̀ lọ, kò sì bá wọn jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwẹ̀ró alára a máa gbé àtẹ ẹ̀wà jáde, á kọjú sí mọ́tò, á máa ṣà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìyá Elélùbọ́, tó jẹ́ àgbà ìyàwó ilé, tó máa ń sá èlùbọ́ rẹ̀ sórí àpáta nítòsí, bi í léèrè irú ẹ̀wà tí òkúta inú rẹ̀ kì í tán.

Ọyẹ́ lọ, ooru dé. Àwọsánmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ ní ìlà-oòrùn, á ṣú, á tún tú ká. Òjélabí kì í lè wo òkè kó má mí kanlẹ̀.

Ohun tí Jìnádù ṣe kẹ́yìn ni kabúrétọ̀. Ibẹ̀ ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò tí kò bá ní i dà bí ẹni tí kò ní ọ̀nà ọ̀fun. Ó tú u, ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó dè é padà, ó nu ọwọ́. "Ẹ ra epo sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Ọ̀la la ó ṣáná sí i."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Òjélabí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ojú ihò ló bá. Kabúrétọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Kò tíì dìde kúrò níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí nígbà tí Jìnádù dé, tó ń fi àpò rẹ̀ ṣeré lọ́wọ́.

"Jìnádù, níbo lo gbé e sí?"

"Kí ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kabúrétọ̀. Ta ló tún mọ bí wọ́n ṣe ń tú u nílé yìí?"

Jìnádù wo inú ihò náà. Ó wá dojú àpò rẹ̀ dé, gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀ sì dà sórí àpáta, ariwo wọn mú kí àwọn ará ilé máa jáde. Ó fa àpò ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì síta.

"Ẹ wò ó," ó wí. "Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé bá yín wò ó."

Àjàmú ti dúró láàrin èrò. "Ta ni yóò jí nǹkan tí yóò tún fi àpò gbé e padà wá?" ó béèrè, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn mi orí pé òótọ́ ni.

Jìnádù kúnlẹ̀, ó ń ṣa irin iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó bá a ṣà á. "Ẹ̀gbọ́n," ó wí nígbà tó dìde, "mẹkáníkì tí wọ́n bá pè ní olè, ta ni yóò tún fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ fún un?" Ó lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé gáréèjì. Awakọ̀ kan tó gbé lọ́rì fún Jìnádù láti tún ṣe wá so okùn mọ́ ọn, ó fà á lọ ní àìtíì ṣe tán. Òjélabí gbọ́, kò sì dùn mọ́ ọn nínú bó ṣe rò pé yóò dùn. Ìfura tó ti bá Jìnádù dé ilé rẹ̀ kò bá Jìnádù lọ. Ó ń wo ọmọ tó bá kọjá, ó ń wo baálé, ó wo ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú.

"Èmi náà kẹ̀?" ni Àwẹ̀ró wí. "Kí n fi kabúrétọ̀ se ọbẹ̀ fún yín? Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò mọ ẹni tó gbé e, ẹ pa àálè."

Òjélabí pa àálè. Ó so ṣùkù àgbàdo, àkísà pupa àti àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kan tó ti jẹ tán pọ̀, ó gbé e kọ́ iwájú mọ́tò lójú gbogbo ènìyàn. "Ẹni tó bá gbé e, kó dá a padà," ó wí. "Bí kò bá dá a padà, bí bàtà yìí ṣe jẹ ni ẹsẹ̀ tó fi rìn wá síbí yóò jẹ." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, inú mọ́tò ló ń sùn, bó bá sì lọ síbi iṣẹ́, Àwẹ̀ró á jókòó tì í. Bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ fẹ́ yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dá a padà, kò sí àyè.

Kò pẹ́ tí Àjàmú fi bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ó ní ẹ̀gún ló gún òun nínú igbó. Wọ́n fún un ní àdí kó fi pa á, ṣùgbọ́n ńṣe ni ẹsẹ̀ náà ń wú sí i. Bó bá fẹ́ kọjá níwájú mọ́tò, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tó wà lókè yẹn, atẹ́gùn á sì máa fì í síwá sẹ́yìn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìlà-oòrùn dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn onírin ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òjò, wọ́n ti gbé ọkọ̀ wọn dé ẹ̀bá títì, wọ́n jókòó sórí rẹ̀, wọ́n ń wo òkè. Ìyá Elélùbọ́ ń kó èlùbọ́ rẹ̀ nílẹ̀. Òjélabí fara ti mọ́tò rẹ̀. Ìgbà náà ni Àjàmú tiro jáde láti inú ilé, tó ń pariwo.

"Mo ti rí ipasẹ̀ olè náà! Ẹ tẹ̀lé mi! Ọmọ ọlọ́dẹ ni mí, ẹ kò gbà mí gbọ́!"

Gbogbo ilé tú jáde. Baálé náà fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀lé wọn. Àjàmú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ń tọ́ka sílẹ̀.

"Ibí ló gbà. Ẹ wò ó, ibí ló ti yọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó wá yà síhìn-ín. Ibí ló ti sọ ẹrù náà kalẹ̀ kó lè sinmi, kó tó wá fi ọwọ́ òsì gbé e."

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wo àpáta. Wọn kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé ojú òun ló fọ́. "Ọmọ ọlọ́dẹ ni lóòótọ́," ni wọ́n ń wí. Àjàmú kò dúró. Ó gba ẹ̀yìn ilé, ó gba ẹ̀gbẹ́ èlùbọ́ Ìyá Elélùbọ́ kọjá, ó dé ibi tí àpáta ti pàdé igbó. Pàlàpálá kan wà níbẹ̀. Kò wò ó rárá, ó kan ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé èjìká, ó sì fa ohun kan tí wọ́n fi ewé wé jáde. Ó tú ewé náà. Kabúrétọ̀ ni.

Ariwo ta. Wọ́n ń ki Àjàmú, wọ́n ń ki bàbá tó bí i. Òjélabí gba kabúrétọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ku díẹ̀ kó dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.

"Ọkọ mi, o kú iṣẹ́ o." Ìyá Elélùbọ́ ló sọ̀rọ̀. Kò dìde nídìí agbọ̀n rẹ̀. "Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń sá èlùbọ́ lórí àpáta yìí. Ewúrẹ́ ilé yín kò sì jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n á jẹ, wọ́n á lọ, n kò sì rí ipasẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo rí. Bí mo bá ń rí i ni, ǹ bá ti mọ ewúrẹ́ ẹni tí n ó so mọ́lẹ̀. Jọ̀wọ́, wá fi ọ̀kan hàn mí nínú èyí tí o rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àfi Àjàmú.

"Ìyá, ojú ọdẹ yàtọ̀ sí ojú yín."

"Mo gbà. Ojú mi ti ṣú. Ṣùgbọ́n o ní ọwọ́ òsì ló fi gbé e. Ìyẹn ni kò yé mi, ọkọ mi. Ṣé olè náà ń fi ọwọ́ rìn ni?"

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wọn. Baálé rìn wá síwájú, ó wo Àjàmú láti orí dé ẹsẹ̀.

"Àjàmú, rìn lọ síbẹ̀ yẹn, kí o padà wá."

Àjàmú tiro lọ, ó tiro bọ̀.

"Ó dára. Bẹ̀rẹ̀, kí o fi ibi tí o tẹ̀ hàn mí."

Àjàmú bẹ̀rẹ̀. Àpáta náà mọ́ fónífóní níwájú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìgbà tó yá, ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú mú.

"Ẹ bá mi bẹ Ẹ̀gbọ́n kí wọ́n tú àálè yẹn," ó wí. "Ẹsẹ̀ ń pa mí. Ibi ìsọ̀ nìkan ni mo fẹ́. N kò gbé e láti tà á. Mo ní bí òjò bá ti rọ̀ tán, n ó dá a padà."

"Bí òjò bá rọ̀ tán, ta lo fẹ́ dá a padà fún?" ni baálé béèrè. Ẹ̀kán òjò kan já lé e lórí bó ṣe ń sọ̀rọ̀, òmíràn tẹ̀lé e. Ó wo òkè, ó wo àwọn onírin tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa lọ. Òjò dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ilé yìí ló di mọ́tò náà mú lẹ́sẹ̀. Mọ́tò di ti Òjélabí. Ìwọ Àjàmú, o ó lọ sí gáréèjì, o ó sọ ọ́ létí gbogbo awakọ̀ pé ìwọ ni, kì í ṣe Jìnádù."

Òjélabí kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó lọ tú àálè náà, ó jù ú sínú igbó. Ó fi kabúrétọ̀ sábẹ́ bùbá rẹ̀ kí òjò má bàa kàn án, ó gba títì lọ sí àgọ́ Jìnádù. Bí Jìnádù ti yọjú sẹ́nu ọ̀nà, Òjélabí ṣí fìlà, ó sì na gbogbo ara rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ẹni tó lè bí lọ́mọ.

Àwọn kan ní òwe tí a fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ yìí ti dàgbà ju mọ́tò lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ní Ìdó-Àpáta, ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti mú un, òun náà ni wọ́n sì ń pa lówe títí di òní, pé olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta.